Yinni, Yinni, Kí Ẹni Lè Ṣe Mìíràn: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Yẹ́ Sí?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Yinni, yinni, kí ẹni lè ṣe mìíràn." Òwe yìí kò ṣòro láti túmọ̀. Ẹni tí ó ṣe dáadáa tí ẹnikẹ́ni kò sì kí i kú iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ rọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, a ó rí i pé ohun méjì ni òwe náà so pọ̀. Ìyìn ni àkọ́kọ́. Iṣẹ́ mìíràn tí ẹni tí a yìn yóò ṣe ni èkejì. Àwọn àgbà kò wí pé kí a yinni kí ẹni lè jókòó tẹtẹrẹ. Wọn kò sì wí pé kí a yinni kí ẹni lè ya fọ́tò kọ́ sára ògiri. Ìyìn tí kò bá bí iṣẹ́ mìíràn, ìyìn náà ti ṣìnà.

A mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ojú ìwé àṣà lọ́sẹ̀ yìí nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, pàápàá jù lọ àwọn ti agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́, ilé-iṣẹ́, ọjà àti ibùdókọ̀ ti fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Ìbéèrè wa kò ju mẹ́ta lọ. Ta ni ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga yẹ́ sí nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀? Ta ni ó yẹ kí ó ṣe ẹlẹ́rìí ẹ̀yẹ náà? Ẹrù wo sì ni ẹ̀yẹ ọ̀hún gbọ́dọ̀ gbé lé ẹni tí ó gbà á lórí?

ẸGBẸ́ Ẹ̀YẸ NÍ ÒKÈ ÒKUN

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ti di àṣà láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá tayọ wọ ẹgbẹ́ ẹ̀yẹ. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 1776, ọdún kan náà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kéde òmìnira wọn kúrò lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì William and Mary ní Virginia dá ẹgbẹ́ Phi Beta Kappa sílẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà. Ohun tí wọ́n dúró fún ni pé ìfẹ́ ọgbọ́n ni atọ́nà ayé ẹni. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ yìí fara jọ awo. Wọ́n ń búra, wọ́n sì ní ọ̀nà ìbọwọ́ tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1831, ẹ̀ka rẹ̀ tí ó wà ní Harvard pa àṣírí tì, ẹgbẹ́ náà sì bọ́ sí ojú ọ̀sán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Ní ọdún 1918 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ mìíràn, Phi Theta Kappa, sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Missouri fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì. Ohun mẹ́rin ni ẹgbẹ́ yìí gbé dúró: ìmọ̀ ẹ̀kọ́, ìwà aṣáájú, sísin ìlú, àti ìrẹ́pọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé máàkì nìkan kò tó. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbégbá orókè nínú ìdánwò, kí ó má sì sí ọmọnìkejì kan tí ó lè sọ pé ìmọ̀ rẹ̀ ṣe òun láǹfààní. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti mọ̀wé ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó fi dúró.

OJÚ Ọ̀SÁN NI Ẹ̀YẸ ILẸ̀ WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní yíyẹ́ni sí. Ẹ rìn wọ àdúgbò ní Òṣòdì tàbí ní Ìsọlọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ ó bá ẹ̀yẹ ní ojúde. Ọmọ ilé kéwú tí ó bá parí Kùránì, a ṣe wọ́límà fún un. A ti dáná, a ti rán aṣọ, àwọn ẹbí ti dé láti ọ̀nà jíjìn. Síbẹ̀, oúnjẹ àti aṣọ kò lè rọ́pò ohun kan. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó láàárín èrò, tí yóò ka ohun tí ó kọ́ sí etí ìgbọ́ gbogbo ènìyàn, níṣojú àfáà rẹ̀ àti àwọn àfáà mìíràn tí wọ́n mọ̀ bí ó bá ṣi í kà. Ẹ̀rí kọ́kọ́ dé, kí ayẹyẹ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ tún wo ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ télọ̀, mẹkáníìkì, wẹ́dà tàbí iṣẹ́ irun ṣíṣe. Lọ́jọ́ fírídọ̀mù rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ a dìde, a sọ iye ọdún tí ọmọ náà fi sìn, a sì jẹ́rìí sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti sí ìwà rẹ̀. Àwọn ọ̀gá yòókù nínú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ náà wà ní ìjókòó. Ọmọ a kúnlẹ̀, wọn a gbàdúrà lé e lórí, wọn a sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ṣe yóò hàn gbangba, nítorí pé láti ọjọ́ náà lọ ni òun náà ti di ẹni tí a lè fa ọmọ ẹlòmíràn lé lọ́wọ́. Ẹ̀yẹ náà kò tú u sílẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yẹ náà ni ó sọ ọ́ di olùkọ́.

Nínú àpẹẹrẹ méjèèjì yìí, ohun mẹ́ta ni a rí: iṣẹ́ tí ojú rí, àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà, àti ojúṣe tí ó dúró de ẹni tí a yẹ́ sí. Báyìí náà ni oyè ṣe rí nígbà tí oyè ṣì jẹ́ oyè. Ní Ìbàdàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ tí jagunjagun ṣe ni ó ń gbé e gun àkàbà oyè, kì í ṣe ilé tí a bí i sí.

ÌTÀN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ORÚKỌ ÒṢÒDÌ

Orúkọ Òṣòdì gan-an, orúkọ oyè ni ní ilẹ̀ Èkó, ẹni tí ó sì sọ oyè náà di ńlá ni Olóyè Òṣòdì Tápà. Gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, ọmọ ilẹ̀ Tápà ni, kì í ṣe ọmọ bíbí Èkó. Láti ipò ìránṣẹ́ ní ààfin ni ó ti dìde títí ó fi di aṣíwájú ogun Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó ní ọdún 1851, tí Kòsọ́kọ́ sì sá kúrò lórí oyè, Òṣòdì kò sá fún olúwa rẹ̀. Ó bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí wọ́n padà sí Èkó ní ọdún 1862, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ibi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Ọdún 1868 ni ó jáde láyé.

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ pé iṣẹ́ àti ìṣòótọ́ lè gbé ẹni tí kò ní baba ńlá ní ìlú dé ipò ọlá, òun nìyí. Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà ní ìhà kejì, kò sì yẹ kí olùkọ́ kankan fi í pa mọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Òwò ẹrú wà lára ohun tí ó sọ àwọn alágbára Èkó ìgbà náà di ọlọ́rọ̀. Akíkanjú ni Òṣòdì Tápà, ó sì sin olúwa rẹ̀ tọkàntọkàn; ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kó wọ ọkọ̀ ẹrú kò lè bá wa kì í. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ yẹ ẹnikẹ́ni sí, kò tó kí a béèrè pé, "Kí ni ó ṣe?" A gbọ́dọ̀ béèrè pẹ̀lú pé, "Ta ni ó ṣe é fún?" Àṣeyọrí ń dáhùn ìbéèrè kìíní, ìsìn ń dáhùn èkejì. Ẹgbẹ́ ẹ̀yẹ tí ó bá béèrè ọ̀kan tí ó fi ọ̀kan sílẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

ÌMỌ̀ TÍ Ó DI OÚNJẸ

Àpẹẹrẹ ibi tí ìbéèrè méjèèjì ti rí ìdáhùn kò jìnnà sí wa. Ní Òṣòdì yìí kan náà ni wọ́n dá ilé ìwádìí ti ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí FIIRO sílẹ̀ ní ọdún 1956. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti jókòó ti ọ̀rọ̀ gaàrí, tí wọ́n wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa ṣe iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ń fi ọwọ́ ṣe, láti orí rírin ẹ̀gẹ́ dé orí yíyan gaàrí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ronú lórí ẹ̀kọ mímu ọmọ ọwọ́. Ògì àgbàdo lásán kò ní èròjà amáradàgbà tó fún ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Wọ́n po ẹ̀wà sóyà mọ́ ọn, ó di sóyà-ògì. Ìmọ̀ ìwé kúrò lórí tábìlì, ó wọ inú ìkòkò, ó sì dé ẹnu ọmọ. Àwọn mélòó ni nínú àwọn ọmọ Òṣòdì tí ń gba iwájú ọgbà náà kọjá lójoojúmọ́ ni a ti sọ ìtàn yìí fún? Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá gbọ́ ìyìn irú àwọn bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé irú ọlá bẹ́ẹ̀ wà?

Ní Ìsọlọ̀ pẹ̀lú, oṣù kìíní ọdún 1978 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1977. Ó di Pọlitẹ́kíníìkì Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 1986. Ní ọdún 2022, ó di yunifásítì, Ìkòròdú sì ni olú ọgbà rẹ̀ wà. Láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọgbà Ìsọlọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọ bọ́ọ̀sì kan náà pẹ̀lú oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ yóò ti wúlò. Ẹni tí ń kọ́ ìṣirò owó lè kọ́ ìyá oníṣòwò bí a ti ń kọ èrè àti gbèsè sílẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìṣirò lè jókòó ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ìdánwò ti dá padà lẹ́ẹ̀mejì.

BÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ KÒ BÁ PE ORÚKỌ ỌMỌ

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Pé kí ọmọ kàwé, kí ó gba ìwé ẹ̀rí, kí ó máa lọ. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ a máa fẹ́ kí a mọ òun. A máa fẹ́ wọ ẹgbẹ́, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá pe orúkọ náà ní ọ̀sán, àwọn kan wà tí wọn yóò pè é ní òru.

Ní ọdún 1952, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, kì í ṣe nítorí ìtàjẹ̀sílẹ̀. Ìgbéraga àwọn ọmọ ọlọ́lá àti ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n ní àwọn fẹ́ bá jà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ mìíràn jáde lẹ́yìn wọn, òkùnkùn ṣú, ìbọn àti àáké sì wọ ọgbà ìwé. Ní òru ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ya wọ ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa àwọn ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé tí wọ́n ń sùn. Ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ti inú àṣírí bọ́ sí ojú ọ̀sán. Púpọ̀ nínú tiwa ti ojú ọ̀sán wọ inú òkùnkùn. A kò sọ pé ẹgbẹ́ ẹ̀yẹ nìkan yóò ṣẹ́gun ibi yìí. Ohun tí a ń sọ ni pé, ilé tí a kò bá fi ènìyàn sí, aláǹtakùn ni yóò gbà á.

Ẹ̀YẸ TÍTÀ

Ewu kejì wà, òun kò sì lo ìbọn. Owó ni ó ń lò. Lẹ́tà kan a dé, ìwé rẹ̀ a máa dán, a ní wọ́n ti yan ẹ fún ẹ̀yẹ nítorí iṣẹ́ ribiribi tí o ṣe fún ọmọ ènìyàn. Nísàlẹ̀ lẹ́tà ni wọ́n a ti kọ iye tí o máa san fún tábìlì, fún fọ́tò àti fún àwo tí wọn yóò gbé lé ẹ lọ́wọ́. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti dé ọwọ́ ẹni tí ń kọ àpilẹ̀kọ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ kò mọ ohun tí a ṣe, wọn kò sì béèrè. Ó ti di pé kí ẹni tí a fẹ́ yẹ́ sí ra ẹ̀yẹ ara rẹ̀ bí ẹni ra búrẹ́dì. Àwọn ọmọ wa ń wo èyí. Bí wọ́n bá kọ́ láti ọwọ́ wa pé owó ni ó ń sọ ènìyàn di ẹni iyì, kí ni a ó fi bá wọn wí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ra máàkì?

Àwọn àgbà ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ohun tí ó sàn ju wúrà lọ, wúrà kò lè rà á.

OHUN TÍ A DÁ LÁBÀÁ

Èrò wa ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ ẹ̀yẹ tirẹ̀, kí ó sì gbé e ka orí ohun tí wọ́límà àti fírídọ̀mù ti kọ́ wa.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ náà dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì ti fi í ran ènìyàn lọ́wọ́. Ìjọba wa ti mọ èyí tipẹ́: láti ìgbà tí ètò àgùnbánirọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1973, ìwé ẹ̀rí yunifásítì nìkan kò tó, a ní kí ọmọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan, a sì ń fi ẹ̀yẹ ààrẹ dá àwọn tí wọ́n tayọ nínú ìsìn náà lọ́lá. Kí ni ó dé tí a fi ní láti dúró di ìgbà tí ọmọ bá parí ẹ̀kọ́?

Lẹ́ẹ̀kejì, kí àwọn tí a ràn lọ́wọ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ìgbìmọ̀ olùkọ́ lè yẹ máàkì wò nínú ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wí pé òun ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ìsọlọ̀, kí ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òbí ọmọ wọ̀nyẹn. Ẹnikẹ́ni lè kọ ìwé nípa ara rẹ̀. Kò rọrùn láti bẹ ìyá ọlọ́mọ kí ó wá parọ́ níṣojú àwọn ará àdúgbò rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a ṣọ́ra nípa ohun tí a ń pè ní ìsìn. Ọmọ ọlọ́lá tí kò ní ohun tí ó ń lé e lè rí àyè ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ mẹ́ta. Ọmọ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé bí kíláàsì bá ti tú, ọjà Òṣòdì ni ó ń gbà lọ láti tajà, kí ó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́ kankan. Ṣé kò sin ẹnikẹ́ni ni? Nínú àṣà wa, ẹni tí ó gbé àbúrò rẹ̀ dìde ti gbé ilé kan dìde. Ìgbìmọ̀ tí kò bá rí irú ọmọ yìí, àwọn tí wọ́n ní àyè ni yóò máa yẹ́ sí títí ayé.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí a sọ ohun tí ẹni náà ṣe. Oríkì àwọn baba wa kì í wí pé lágbájá jẹ́ ènìyàn pàtàkì, kí ó sì pin síbẹ̀. Oríkì a máa dárúkọ odò tí ó sọdá àti ogun tí ó ṣẹ́. Bákan náà ni kí a ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ síta: àdúgbò tí ó ti ṣe é, oṣù mélòó ni ó fi ṣe é, àti ohun tí ó yí padà. Kí a kà á ní èdè tí ìyá rẹ̀ gbọ́, nítorí òun ni ó sùn ebi kí ọmọ lè kàwé.

Lẹ́ẹ̀karùn-ún, kí ẹgbẹ́ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a yẹ́ sí. Ohun tí yóò san ni ojúṣe. Bí ọmọ fírídọ̀mù ṣe ń gba ọmọ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó wọ ẹgbẹ́ gba àbúrò kan tí ẹ̀kọ́ ń fún lọ́rùn, kí ó fà á lọ́wọ́ títí yóò fi dúró. Ẹni tí ó bá kọ ẹrù yìí, kí ó dá àmì ẹ̀yẹ padà.

Àwọn kan lè bi wá pé, ẹni tí ó ń ṣe rere nítorí kí a lè yìn ín, ṣé rere ni ó ń ṣe? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn wa ni pé ènìyàn lè fi ọjọ́ kan ṣe rere nítorí ojú ayé, àmọ́ kò rọrùn láti fi ọdún méjì ṣe é. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ nítorí ìyìn, tí ó sì dúró tì í títí ọmọ tí ó ń kọ́ fi yege, ìsìn náà ti tún òun fúnra rẹ̀ ṣe lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni èyí wà. Ẹ máa wo ẹ̀yìn kíláàsì, kì í ṣe iwájú nìkan. Ẹ̀yin àgbà, nígbà tí wọ́n bá pè yín wá ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ má rán aṣojú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dúró de àmì ẹ̀yẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ kan wà ní àdúgbò yín ní alẹ́ òní tí ìṣirò dá lójú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọjọ́ ìyìn bá dé, kí ó bá yín lẹ́nu iṣẹ́.